Táńkì kan péré: bí owó iṣẹ́ dépôt epo kan lẹ́bàá Àjàṣẹ́ ṣe fò sókè

Tówó iṣẹ́ epo bá ti kọjá ohun tí wọ́n dá fún un, ohun tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n ti kó o jẹ. Olè wà o, n ò jiyàn, àmọ́ èmi tí mo ń ṣe métreur, ẹni tó ń wọn iṣẹ́ tó sì ń ṣírò owó ẹ̀, lórí chantier (ibi iṣẹ́ ìkọ́lé) ọjọ́ ti pẹ́, ohun tí mo rí tó ń jẹ owó ju olè lọ ni iṣẹ́ tí wọ́n fi kún iṣẹ́, tẹ́ni tó ní kí wọ́n fi kún un ka ohun tó fẹ́ nìkan, tí ò ka gbogbo ohun tó máa tẹ̀ lé e wá. Ẹjọ́ kan wà tí mo mọ̀ tinú tẹ̀yìn, mo fẹ́ rò ó látòkè délẹ̀ pẹ̀lú owó ẹ̀, kẹ́ni tó bá wà nídìí irú iṣẹ́ yìí lè rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. N ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ kankan, ìbáà jẹ́ ti oníṣẹ́, ìyẹn ẹni tó ni dépôt tó sì ń sanwó, ìbáà jẹ́ ti agbaṣẹ́ṣe.

Dépôt epo kékeré kan ni, lọ́nà tó lọ láti Àjàṣẹ́ sí Sèmè, níbi tílẹ̀ ti rẹlẹ̀ tómi ọ̀sà ò jìnnà. Táńkì méjì ló wà nínú plan, 500 m³ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún essence (pẹtiróòlù), ọ̀kan fún gasoil (dísù). Iléeṣẹ́ míì ló máa jó irin táńkì, tiwa ni génie civil, iṣẹ́ ilẹ̀ àti kọnkéré: kíkún ilẹ̀, ìpìlẹ̀ táńkì, cuvette, gọ́tà, séparateur tó ń ya epo kúrò lára omi òjò, àti ilé kékeré fún gardien. 180 mílíọ̀nù fráǹkì CFA la gbà á, à forfait, ìyẹn ni pé owó kan ṣoṣo fún gbogbo ohun tó wà nínú plan, tó bá jèrè tó bá pàdánù, agbaṣẹ́ṣe ló ni ín. Ohun tí ò bá sí nínú plan, avenant, ìwé àfikún àdéhùn, ló máa gbé e wọlé, tọ̀túntòsì á sì fọwọ́ sí i.

Kẹ́ ẹ tó lè lóye ẹjọ́ yìí, ẹ ní láti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní cuvette. Ìgànná kúkúrú ni, pẹ̀lú ilẹ̀ kọnkéré tí ò gbọdọ̀ jò, tó yí àwọn táńkì ká, tó fi jẹ́ pé tí táńkì bá ya, inú ẹ̀ lepo máa dúró sí, kò ní ṣàn lọ bá ilé àwọn èèyàn, kò sì ní wọnú ọ̀sà. Ìlànà tí bureau de contrôle wa, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò, ń tẹ̀ lé, èyí tó wá látọ̀dọ̀ àwọn Faransé, sọ pé cuvette gbọ́dọ̀ lè gba gbogbo ohun tó wà nínú táńkì tó tóbi jù, tàbí ìdajì ohun tó wà nínú gbogbo táńkì pa pọ̀, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ẹni tó bá rántí iná tó jó ní Sèmè-Kraké ní oṣù Kẹsàn-án 2023, níbi tí wọ́n kó epo fàyàwọ́ pamọ́ sí, tí ẹ̀mí tó lé ní 30 ṣòfò, kò ní bi mí pé kí ni wọ́n ń fi gbogbo ìgànná yẹn ṣe.

Ọdún yẹn kan náà ni ọjà epo yí padà lọ́dọ̀ wa. Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, kpayo, epo fàyàwọ́ tí gbogbo wa ń rà nínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì gbówó lórí gan-an, ọ̀pọ̀ onímọ́tò àti oní-zém (ọlọ́kadà) wá ń yà sí station. Oníṣẹ́ wa rí i, ó ronú pé táńkì méjì ò ní tó òun. Èrò tó dáa ni, n ò bá a wí, ẹni tó ń dá òwò ńlá sílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti tún èrò ara ẹ̀ pa. Bó ṣe gbé e gbà ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń lọ sópin, a ti kún ilẹ̀ tán, wọ́n ti ń di irin ìgànná, ni aṣojú oníṣẹ́ bá wá sí chantier láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó kí Ṣẹ́fù chantier wa, ọmọ Kétu, àgbà òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ dunjú. "Ṣẹ́fù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, pátírọ́ọ̀ ní kẹ́ ẹ bá wa fi táńkì kan kún un, 1,000 m³. Táńkì kan péré ni." Ṣẹ́fù ní owó ẹ̀ ńkọ́. Ó ní, "Ṣebí ìpìlẹ̀ ni? Èyí tó wà nínú devis (ìwé iye owó), mílíọ̀nù 7 ni lọ́kọ̀ọ̀kan, eléyìí tóbi ní ìlọ́po méjì, ẹ sọ ọ́ di 14. Imprévus, owó ohun àìròtẹ́lẹ̀, wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, 18 mílíọ̀nù, ibẹ̀ la ti máa yọ ọ́. Ẹ ṣáà máa bá a lọ, ìwé á tẹ̀ lé e." Ṣẹ́fù pe ọ̀gá wa lórí fóònù, ọ̀gá ní kò burú, torí oníṣẹ́ yẹn ò kí í pẹ́ sanwó, kò sì fẹ́ kọ̀ fún un. Lọ́jọ́ kejì katapílà ti ń gbẹ́lẹ̀. Ẹnu dùn ún ròfọ́ lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pa pọ̀, torí ibí ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Pẹ̀lú táńkì 500 méjì, èyí tó tóbi jù jẹ́ 500, ìdajì àpapọ̀ jẹ́ 500, nítorí náà cuvette tó bá lè gba 500 m³ ti tó. Plan ṣe é ní mítà 30 lóòró, 20 níbùú, ìgànná ga ní mítà 1. 600 m² nìyẹn, tẹ́ ẹ bá yọ ojú ibi tí táńkì kejì jókòó sí, nǹkan bíi 64 m², àyè tó kù á lè gba nǹkan bíi 536 m³. Ó tó, ó tún ṣẹ́ kù díẹ̀. Ẹ wá fi táńkì 1,000 kún un. Èyí tó tóbi jù ti di 1,000, àpapọ̀ di 2,000, ìdajì ẹ̀ náà 1,000. Cuvette ní láti gba ìlọ́po méjì ohun tó ń gbà tẹ́lẹ̀! Táńkì tuntun fúnra ẹ̀ fẹ̀ tó mítà 12 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kò sí bí wọ́n ṣe máa fún un pọ̀ mọ́ àwọn méjì tó wà nílẹ̀. Bí bureau d'études, àwọn tó ń ya plan, ṣe tún un yà nìyẹn: mítà 30 lọ́nà 36, 1,080 m², ìgànná gòkè di mítà 1.20 yíká, tó túmọ̀ sí pé irin tí wọ́n ti dì fún ìgànná mítà 1, títú ni.

Kò dúró níbẹ̀. Ilẹ̀ kọnkéré fi 480 m² lé sí i. Òjò tó ń rọ̀ sínú cuvette, bí ojú ẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó lomi ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, nítorí náà gọ́tà ní láti tóbi, séparateur tí wọ́n ti paṣẹ fún ti kéré kó tó dé. Mousse tí wọ́n fi ń pa iná epo, ojú ibi tí epo lè tàn dé ni wọ́n fi ń ṣírò bó ṣe máa pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni páìpù omi iná náà ní láti yí padà. Ìyẹn gan-an ló ń ká mi lára nínú iṣẹ́ yìí, pé kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tó jẹ́ àṣírí. Ẹni tó bá jókòó pẹ̀lú plan àti ẹ̀rọ ìṣírò fún ìrọ̀lẹ́ kan á rí gbogbo ẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó.

Ilẹ̀ náà tún wá dá tiẹ̀. Apá tí wọ́n máa fa cuvette sí ni apá tó rẹlẹ̀ jù lórí ilẹ̀ yẹn, ẹrẹ̀ dúdú ni, tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ díẹ̀ báyìí omi ti sun. Àyẹ̀wò ilẹ̀ tí wọ́n ṣe níbẹ̀rẹ̀, ibi tí táńkì méjì àkọ́kọ́ wà ni wọ́n ti ṣe é, ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ ihò àyẹ̀wò kankan ní apá kejì torí kò sí nǹkan tó ń bọ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ tún rántí pé kí wọ́n tó da epo sínú táńkì tuntun, omi ni wọ́n máa kọ́kọ́ kún un fọ́fọ́ láti dán an wò, omi sì wúwo ju epo lọ: 1 m³ essence kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 750 kg lọ, omi jẹ́ 1,000 kg. Lọ́jọ́ ìdánwò, táńkì yẹn pẹ̀lú omi inú ẹ̀ á wúwo ju 1,000 tọ́ọ̀nù lọ, lórí ẹrẹ̀. Nítorí náà wọ́n ní láti kó ẹrẹ̀ kúrò, kí wọ́n tẹ́ géotextile, aṣọ líle tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ iyanrìn, kí wọ́n da iyanrìn lé e ní ìpele ní ìpele, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ká ní ẹ̀ẹ̀rùn ni ì bá rọrùn díẹ̀, àmọ́ oṣù Kẹrin ti wọlé, òjò ńlá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tọ́rọ̀ débẹ̀ yẹn ni ọ̀gá mi ní kí n lọ wo chantier, torí owó tó ń jáde ti ń ju èyí tó ń wọlé lọ, kò sì sí décompte, ìwé ìṣírò iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe, tí wọ́n lè fi béèrè ẹ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀: ihò tó kún fómi, pọ́ǹpù méjì tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, gasoil pọ́ǹpù tí wọ́n ń fi owó caisse rà lójoojúmọ́, àwọn tó ń jó irin táńkì ti dé pẹ̀lú grue wọn, wọ́n jókòó, wọ́n ń ka ọjọ́ sọ́rùn oníṣẹ́. Ìwé ńkọ́? Kò sí ordre de service, ìwé tí oníṣẹ́ fi ń pàṣẹ iṣẹ́. Kò sí lẹ́tà. Ohùn kan ṣoṣo ló wà lórí WhatsApp Ṣẹ́fù, tí aṣojú oníṣẹ́ ti ń sọ pé kí wọ́n yára.

Wọ́n ti pe ọkọ̀ kọnkéré fún ọ̀la. Mo ní kí wọ́n dá a dúró. Ṣẹ́fù bínú sí mi gan-an, ó ní ṣé mi ò rí òjò ni, pé tí wọn ò bá dà á báyìí gbogbo irin tí wọ́n dì á dípẹtà. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, àmọ́ ohun tí mo sọ fún un ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbọ́ mi. Kọnkéré tẹ́ ẹ bá ti dà, oníṣẹ́ ti ní in nìyẹn. Kí ló wá kù lọ́wọ́ wa tó máa mú un fọwọ́ sí ìwé?" Ó dákẹ́, ó ní ká pe ọ̀gá. Ọ̀gá fara mọ́ ọn.

A kó gbogbo ẹ̀ sórí ìwé kan, ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdí ẹ̀ àti nọ́ńbà plan tó ti wá. Ìpìlẹ̀ táńkì, pẹ̀lú ohun tí ilẹ̀ yẹn fi kún un, 22 mílíọ̀nù. Kíkó ẹrẹ̀, géotextile, iyanrìn àti pọ́ǹpù, 19. Ilẹ̀ àti ìgànná cuvette, 27. Gọ́tà àti séparateur, 9. Omi iná, 7. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 84 mílíọ̀nù, nígbà tí wọ́n ti ń sọ 14 láti ọjọ́ yìí. Oṣù méjì tí chantier fi gùn sí i, gardien, ọkọ̀, pọ́ǹpù, owó oṣù àwọn tó wà níbẹ̀, 4.5 lóṣù, ó di 9. Ó di 93 mílíọ̀nù, ju ìdajì iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí aṣojú rí ìwé yìí, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni imprévus. Mo fẹ́ dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀ torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í lò. Owó imprévus, tìtorí ohun tí a ò mọ̀ nínú iṣẹ́ tí a ti mọ̀ ni wọ́n ṣe ń yà á sọ́tọ̀: símẹ́ǹtì tó gbówó lórí díẹ̀, òkúta tí wọ́n bá nínú ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ tó wà nínú plan. Táńkì tí oníṣẹ́ fúnra ẹ̀ ní kí wọ́n fi kún un kì í ṣe ohun àìròtẹ́lẹ̀, ohun tó fẹ́ ni, owó ẹ̀ sì ní láti wá látinú èrè tó ń retí lórí táńkì yẹn. Tó bá fi imprévus san án, lọ́jọ́ tí ohun àìròtẹ́lẹ̀ gidi bá dé, àpò ti gbẹ.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tiwa kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n ń sọ nínú ìròyìn, àmọ́ ọ̀nà kan náà lowó ń gbà wú níbẹ̀. Páìpù gáàsì tó ń gbé gáàsì Nàìjíríà gba abẹ́ òkun lọ sí Kútọnu, Lomé, Tema àti Takoradi, nǹkan bíi 590 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n dá fún un níbẹ̀rẹ̀, ó sún mọ́ bílíọ̀nù kan kó tó parí, gáàsì sì pẹ́ gan-an lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n dá. Gorgon ní Ọsirélíà, 37 bílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n fi fọwọ́ sí i ní 2009, ó di 54. Kò sí iléeṣẹ́ tó tóbi jù fún un. Àwọn ńlá wọ̀nyẹn ní ìwé àdéhùn tó sọ ọjọ́. Nínú àdéhùn FIDIC tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, ẹ̀dà 1999, ọjọ́ 28 ni agbaṣẹ́ṣe ní láti fi kọ̀wé pé ohun báyìí ṣẹlẹ̀ tó máa gba owó tàbí àkókò, tó bá kọjá ẹ̀, ẹ̀tọ́ ẹ̀ lè lọ. Àdéhùn tiwa náà ní ọjọ́ tiẹ̀, lẹ́tà wa sì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí owó oṣù méjì yẹn.

Ọ̀rọ̀ iyanrìn ló dùn mí jù. Ọkọ̀ iyanrìn ń wọlé tọ̀sán tòru, bon de livraison ẹ̀, ìwé ẹrù tó wọlé, jẹ́ ìwé carbone pẹlẹbẹ, gardien ló ń gbà á ní géètì, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ń kì í sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Nígbà tí mo ní kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ wá, òjò ti wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn, dúdú inú carbone ti tàn, ẹ ò lè ka iye m³, ẹ ò lè ka nọ́ńbà ọkọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, a gé igi kan, a fàlà sí i ní sẹ̀ǹtímítà, ọkọ̀ tó bá wọlé, ọmọ iṣẹ́ tiwa kan pẹ̀lú ti bureau de contrôle á gun ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n á ki igi bọ iyanrìn lọ́nà mẹ́rin láti mọ bó ṣe jìn, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé kan, àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí i níbẹ̀, kí awakọ̀ tó tú u sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ kan kùn. Ọkọ̀ tí wọ́n ní ó kún, àwọn kan kò kún. Iyanrìn tó wọlé kí igi tó dé yẹn, kò sí bá a ṣe lè fi hàn ẹnikẹ́ni mọ́, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìpàdé pọ̀. Oníṣẹ́ fúnra ẹ̀ wá nígbẹ̀yìn, àgbà ọkùnrin ni, ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ní kí bureau de contrôle ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè fóun. Nígbà tó dé ibi cuvette ó bi wọ́n pé ṣé kò sí ọ̀nà míì, wọ́n ní kò sí, àfi tó bá fẹ́ táńkì tó kéré. Ó yíjú sí aṣojú ẹ̀, ó ní, "Ká ní o sọ fún mi pé 84 ni, 500 ni mi ò bá ní kí wọ́n ṣe." Kò pariwo. Mo gbà á gbọ́. Ká ní táńkì kẹta jẹ́ 500, àpapọ̀ á jẹ́ 1,500, ìdajì ẹ̀ 750, iye tí cuvette máa gbà á fi 250 dín sí èyí tá a ṣe, bóyá ilẹ̀ tó le nìkan ni wọn ò bá lò. Ìpinnu yẹn tọ́ sí i, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ láìkọ́kọ́ sọ iye.

Níbi tá a parí ẹ̀ sí: wọ́n gba ìpìlẹ̀, cuvette, gọ́tà àti omi iná ní odindi, 65 mílíọ̀nù. Nínú 19 ti iyanrìn àti pọ́ǹpù, wọ́n gba 12, ìyẹn apá tí ìwé tọ̀túntòsì wà fún. Nínú 9 ti àkókò, wọ́n gba oṣù kan, 4.5, torí lẹ́tà wa pẹ́. Avenant jáde ní 81.5 mílíọ̀nù, pẹ̀lú ọjọ́ ìparí tuntun, kọnkéré sì tún bẹ̀rẹ̀. 11.5 tó kù, ọ̀gá wa gbé e mì.

Lẹ́yìn náà ni a ṣí ìwé àyípadà kan, ìwé lásán ni, mo fẹ́ràn ẹ̀ ju software lọ lórí irú chantier yìí. Ohun tí oníṣẹ́ bá béèrè, ìbáà jẹ́ ilé gardien tí wọ́n ní kí wọ́n sún ní mítà 3, ó gba nọ́ńbà, ọjọ́, orúkọ ẹni tó béèrè ẹ̀, ohun tó máa fọwọ́ kàn nínú plan, owó, àkókò, kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé ṣọ́bìrì. Tówó ẹ̀ bá jẹ́ òdo, wọ́n á kọ òdo. Ṣẹ́fù ló ń tọ́jú ẹ̀, ó wá ń ṣọ́ ọ ju mi lọ. Nígbà tí aṣojú tún dé tó ní wọ́n fẹ́ fi ibi kan tí ọkọ̀ á ti máa gbé epo kún un, Ṣẹ́fù nà án ní bíìkì, ó ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ kóun lè fi ránṣẹ́. Ó kọ ọ́. A ṣírò ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó máa fà wá, kọnkéré ojú ọ̀nà, gọ́tà tiẹ̀, iná mànàmáná, a fi ránṣẹ́. Oníṣẹ́ wò ó, ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀ di ìgbà tí dépôt bá ti ń mówó wọlé.

Wọ́n ti kún táńkì ńlá fómi, wọ́n wọn bó ṣe rì, kò ju ohun tí bureau d'études sọ lọ. Réception provisoire, ìgbà àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ gba iṣẹ́, ti wáyé pẹ̀lú réserve méjì, ìyẹn ohun tó kù láti tún ṣe, lórí gọ́tà. Retenue de garantie, owó tí oníṣẹ́ ń dá dúró fún ìdánilójú, 5% lórí gbogbo owó, nǹkan bíi 13 mílíọ̀nù, ṣì wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ títí ọdún kan á fi pé, réserve kan nínú méjèèjì sì ni a ṣì ń tún ṣe lọ́wọ́ báyìí.